Láti Ìgbọ̀nwọ́ dé Kọ̀ǹpútà: Ìtàn Ìwọ̀n nínú Ilé Kíkọ́

Ilé kíkọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ amọ̀, òkúta àti igi nìkan. Ọ̀rọ̀ àdéhùn ni pẹ̀lú. Ẹni tó ni ilé, ẹni tó ya àwòrán rẹ̀, bíríkìlà tó mọ ògiri àti gbẹ́nàgbẹ́nà tó kan òrùlé gbọ́dọ̀ fi ohùn ṣọ̀kan lórí ohun tí wọ́n ń pè ní gígùn, ìbú àti gíga. Bí àdéhùn yìí bá yẹ̀, ilé yóò wọ́. Ohun tí mo fẹ́ tọpasẹ̀ rẹ̀ níhìn-ín ni bí àdéhùn náà ṣe kúrò ní ara ènìyàn, tí ó bọ́ sórí ọ̀pá àti téèpù, tí ó sì wọ inú kọ̀ǹpútà lọ.

Èdè wa fúnra rẹ̀ jẹ́rìí pé ara ènìyàn ni òṣùwọ̀n àkọ́kọ́. Ìka, ìbú àtẹ́lẹwọ́, ìgbọ̀nwọ́, ẹsẹ̀ àti ìgbésẹ̀, gbogbo wọn ni a fi ń wọn nǹkan. Nígbà tí àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún dé ibi ọkọ̀ Nóà, ìgbọ̀nwọ́ ni wọ́n lò. Òótọ́ ni pé ẹsẹ̀ Àjàó kì í gùn bákan náà pẹ̀lú ti Òjó. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n náà ló parí rẹ̀, igun yàrá kò ní yà. Yàtọ̀ sí èyí, ilé alámọ̀ a máa gba àtúnṣe. Ìpele kan ni a ń mọ, a ó jẹ́ kí ó gbẹ kí a tó gbé òmíràn lé e. Ohun tó bá yọ ni a ó gé, ohun tó bá dín ni a ó fi amọ̀ kún.

Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ohun èlò ilé ń ti ọ̀nà jíjìn wá. Páànù tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò mọ ẹsẹ̀ Àjàó. Ẹsẹ̀ bàtà àti ínǹsì ni wọ́n fi gé e, ẹsẹ̀ bàtà àti ínǹsì náà ni ilé tí yóò gbà á gbọ́dọ̀ jẹ́. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà sí Èkó náà mú iṣẹ́ mìíràn wá. Ẹ wo Mọ́sálásí Shitta-Bey, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1894, tí ọwọ́ João Baptista da Costa, ọ̀gá mọlémọlé Àgùdà, wà nínú kíkọ́ rẹ̀. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, tí ojú fèrèsé àti ọ̀nà tó tẹ̀ kọrọdọ tò léra wọn, bí ọ̀kan bá fi díẹ̀ ju èkejì lọ, ojú ẹni tó ń kọjá ní títì yóò rí i.

Ínǹsì pàápàá kò dúró sójú kan. Ọdún 1959 ni Amẹ́ríkà, Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́rin mìíràn fẹnu kò pé ínǹsì kan jẹ́ mìlímítà 25.4 géérégé. Ní ọdún 1974, ìjọba Nàìjíríà ṣe òfin tó sọ mítà di òṣùwọ̀n. Òfin yí padà, ẹnu àwọn oníṣẹ́ kò yí padà. Títí di òní, búlọ́ọ̀kù ínǹsì mẹ́sàn-án ni à ń rà, púlọ́ọ̀tì 60 sí 120 ẹsẹ̀ bàtà ni à ń tà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di ti owó nìyí. Púlọ́ọ̀tì 60 sí 120 jẹ́ mítà 18.288 sí 36.576, èyí tó fẹ̀ tó mítà 669 níbùú lóròó. Ẹni tó bá kọ ọ́ sílẹ̀ ní mítà 18 sí 36 nítorí pé ó rọ ẹnu, mítà 648 ló kọ. Mítà 21 tó ṣófò láàárín tó yàrá kan tó fẹ̀ dáadáa. Bákan náà ni búlọ́ọ̀kù: ínǹsì 18 ni a pe gígùn rẹ̀, mìlímítà 450 ni a kọ sínú àwòrán, bẹ́ẹ̀ mìlímítà 457.2 ni ínǹsì 18. Tí a bá to 20 ní ẹsẹẹsẹ, ìyàtọ̀ náà di mìlímítà 144, láìtíì ka sìmẹ́ńtì àárín wọn.

Inú irú ìdàrúdàpọ̀ yìí ni kọ̀ǹpútà bá wa. Ní ọdún 1963, Ivan Sutherland ti ilé-ẹ̀kọ́ MIT ní Amẹ́ríkà gbé Sketchpad jáde, ètò tó fi ènìyàn lè fa ìlà lójú ẹ̀rọ kí ó sì pàṣẹ pé kí ìlà méjì dọ́gba. Ní ọdún 1982 ni AutoCAD dé, tí iṣẹ́ náà sì bọ́ sórí kọ̀ǹpútà kékeré orí tábìlì. Lórí bébà, ìlà jẹ́ àwòrán kékeré, ọwọ́ ènìyàn ló ń kọ iye sí i lára. Nínú kọ̀ǹpútà, a ń ya ògiri mítà mẹ́rin bí ó ti gùn gan-an, ẹ̀rọ yóò sì ka iye rẹ̀ láti ara ìlà fúnra rẹ̀. Ìgbà tí a bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà ni a ń sọ ọ́ di kékeré.

Síbẹ̀, nọ́ńbà ni ẹ̀rọ mọ̀, kò mọ ohun tí a ń wọ̀n. Ohun tí a bá pè lórí, a kì í fi í tẹlẹ̀: bí a bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mìlímítà, mìlímítà ni kí a fi parí. Ẹni tó bá rí i pé iye kò bá ohun tó fẹ́ mu gbọ́dọ̀ tún ìlà náà fà; bí ó bá kàn tẹ iye mìíràn lé e, àwòrán ti di ẹlẹ́rìí èké nìyẹn. Kí ó sọ ibi tí ìwọ̀n ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Yàrá tó jẹ́ 3,600 láti àárín ògiri kan dé àárín èkejì, tí ògiri nípọn ní 225, kò ní ju 3,375 lọ nínú, kí a tó rẹ́ ẹ.

Àṣìṣe kan tún wà tó máa ń fara pamọ́. Bí a bá pín mítà mẹ́wàá sí ọ̀nà mẹ́ta, ẹ̀rọ lè kọ 3,333 sára ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó sì kọ 10,000 sára gbogbo rẹ̀. Bíríkìlà tó bá ṣírò rẹ̀ yóò rí 9,999, yóò sì béèrè èwo ni òótọ́. Ìbá sàn kí a ti pín in sí 3,300, 3,300 àti 3,400 láti ilẹ̀.

Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Nígbà ilé alámọ̀, ara ògiri ni a ti ń tún àṣìṣe ṣe, nígbà tí amọ̀ ṣì tutù. Búlọ́ọ̀kù àti kọnkéré kì í gba irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ láìgba owó. Nítorí náà, inú àwòrán ni ibi àtúnṣe wà báyìí, ọwọ́ ẹni tó jókòó ti kọ̀ǹpútà ni ó sì wà, kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀ rárá.