Àwàdà Àwòrẹ́rìn-ín: Láti Ọwọ́ Alárìnjó Dé Sinimá

Àwàdà àwòrẹ́rìn-ín ni èyí tí ojú nìkan tó gbádùn. Ìrìn, aṣọ àti ohun èlò ló ń ṣe iṣẹ́ ẹnu níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n sì máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ jù níbẹ̀ ni ẹni tó ń fi ọ̀làjú ṣe fáàrí.

Àkọsílẹ̀ pàtàkì kan nípa rẹ̀ wá láti Ọ̀yọ́ Ilé. Ní 1826, wọ́n ṣeré eégún alárìnjó lójú Hugh Clapperton, arìnrìn-àjò ará Scotland. Òyìnbó wà lára ìdán tí wọ́n pa: orí funfun yọ láti inú àpò, òtútù ń mú un, ó ń fọwọ́ ra ọwọ́, ó ń fín áṣáà, ó sì ń tẹlẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò rìn láìwọ bàtà rí. Clapperton fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀.

Irú ìran tí ojú ń gbádùn báyìí tún wà ní Erékùṣù Èkó: àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún mú àríyá ìgboro Fàńtí àti káréétà wá, èyí tí àwọn àdúgbò bíi Láfíàjì àti Campos ṣì ń fi aṣọ aláràbarà ṣe nígbà Àjíǹde. Gbọ̀ngàn Glover tó wà ní erékùṣù kan náà ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi sinimá hàn ní Nàìjíríà, ní oṣù kẹjọ ọdún 1903. Ibẹ̀ náà ni Hubert Ògúndé, òṣèré tíátà, ti gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1944.

Ọ̀kan lára àwọn tó so ìran alárìnjó mọ́ ẹ̀rọ ayé òde òní ni Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá (1936–2018), ọmọ Iléṣà. Láti àárín àwọn ọdún 1960 ló ti ń ṣe eré Aláwàdà lórí tẹlifíṣàn Ìbàdàn. Táì ọrùn rẹ̀ fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, gíláàsì ojú rẹ̀ tóbi, aago ńlá sì ń mì lára rẹ̀: gbogbo ẹ̀ṣọ́ ọ̀gá ọ́fíìsì ló pé sára ẹni tí kò lówó lọ́wọ́. Kó tó la ẹnu, òǹwòran ti ń rẹ́rìn-ín.

Ní nǹkan bí àkókò kan náà, Jacques Tati, aláwàdà sinimá, ń ṣe irú rẹ̀ ní Faransé. Nínú fíìmù rẹ̀ Mon Oncle (1958), onílé olówó kan ń tan ìsun omi rẹ̀ tó rí bí ẹja kìkì nígbà tí àlejò bá dé. Nínú Playtime (1967), ilẹ̀kùn gíláàsì fọ́, aṣọ́nà sì di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń ṣí òfìfo fún àlejò. Ìrìn Tati pàápàá jẹ́ àwàdà, bíi ti òyìnbó inú eré Ọ̀yọ́ Ilé.

Owó Playtime ló sọ Tati di onígbèsè. Fíìmù Bàbá Sàlá, Ọ̀run Mooru, tí Ọlá Balógun darí ní 1982, náà dá a lágara, nítorí àwọn tó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ láìgbàṣẹ jẹ èrè rẹ̀. Síbẹ̀ iṣẹ́ náà kò parun. Babátúndé Omídínà, Bàbá Sùwẹ́ (1958–2021), tí wọ́n bí ní Ìnábẹ̀rẹ̀ ní Erékùṣù Èkó, fi ọ̀dà ojú àti aṣọ rẹ̀ pa ẹ̀rín ní àkókò kásẹ́ẹ̀tì fídíò.

Ìwé lè tọ́jú òwe àti orin, ṣùgbọ́n kò lè tọ́jú ìrìn. Fíìmù nìkan ni ìrìn Bàbá Sàlá kù sí. Ó yẹ kí ilé ìpamọ́ fíìmù ìjọba tó wà ní Jos, àwọn yunifásítì àti àwọn tó ní ẹ̀dà nílé jọ kó àwọn fíìmù wọ̀nyí jọ, kí wọ́n tún wọn ṣe, kí àwọn ọ̀dọ́ aláwàdà Èkó lè fojú ara wọn rí ẹni tó la ọ̀nà fún wọn.