Jáàsì nínú Iṣẹ́ Fẹlá Ṣówándé, Olùpilẹ̀ṣẹ̀ Orin

Bí a bá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní ìtàn orin ilẹ̀ Nàìjíríà, orúkọ Fẹlá Ṣówándé kì í gbẹ́yìn. A ó ka oyè rẹ̀, a ó dárúkọ àwọn orin ìsìn tí ó kọ, a ó sì pè é ní baba orin àkọsílẹ̀. Ohun tí a kì í sábà sọ ni pé orin ijó ni ó fi ń jẹun ní Lọ́ńdọ̀nù kí ó tó gba oyè. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń sọ̀rọ̀ nípa sáà náà bí ìgbà tí ọ̀dọ́ ṣìnà díẹ̀. Èrò tiwa ni pé ibi tí wọ́n pè ní ìṣìnà yẹn gan-an ni ó ti kọ́ ìdajì iṣẹ́ rẹ̀.

Ọdún 1905 ni a bí i. Àlùfáà tí ó mọ orin ni Emmanuel Ṣówándé, baba rẹ̀. Ní Èkó, T. K. E. Phillips, atẹdùùrù ìjọ Christ Church, ni ó kọ́ ọ bí ọwọ́ ti ń tẹ orin tí ẹsẹ̀ sì ń tẹ ohùn ìsàlẹ̀. Ní 1932, rédíò gbé orin Duke Ellington kàn án létí. Kò pẹ́ tí òun náà fi kó ẹgbẹ́ onílù àti onífèrè jọ, tí a mọ̀ sí Triumph Club Dance Orchestra.

Ìmọ̀ ẹ̀rọ ni ó bá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1934, ṣùgbọ́n orin ni ó gbà á. Ní 1936 ó tẹ piyánò nínú Rhapsody in Blue ti George Gershwin, ó sì bá eré Blackbirds ti ọdún náà ṣiṣẹ́. Ó bá Fats Waller tẹ piyánò pọ̀, ó sì tẹ dùùrù Hammond fún Adelaide Hall, gbajúmọ̀ akọrin láti Amẹ́ríkà.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí dùùrù Hammond yìí. Nínú ẹgbẹ́ jáàsì, ẹni tí ń ta báàsì ni òpó ilé. Òun ni ó so ìlù pọ̀ mọ́ orin. Ẹni tí ó mọ Hammond tẹ̀ dáadáa lè ṣe iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ ni báàsì. Bí ẹsẹ̀ náà bá ṣì í, oníjó yóò kọsẹ̀. Ẹ̀kọ́ ilé ìjọsìn ni ẹsẹ̀ Ṣówándé gbà, ilé ijó ni ó sì ti dán an wò.

Ní 1943 ó di Fellow ti Royal College of Organists. Ọdún kejì ni African Suite jáde, orin fún àwọn ohun èlò olókùn. Háílàìfù ni ó di "Akínlà", apá tí ó parí rẹ̀. Ó tún ṣètò orin ẹ̀mí àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà fún ẹgbẹ́ akọrin. Ẹni tí kò bá wọn jókòó ṣeré kò lè tètè ronú kan iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Láti 1945 sí 1952, òun ni atẹdùùrù West London Mission ní Kingsway Hall.

Ó padà wálé ní 1953, ó sì gba iṣẹ́ olórí ẹ̀ka orin ní ilé iṣẹ́ rédíò. Ní sáà yẹn kan náà, ní Ẹdẹ tí kò jìnnà sí Ará, Tìmì John Adétóyèṣe Láoyè ń lu dùndún fúnra rẹ̀. Ọba náà kọ àpilẹ̀kọ lórí ìlù Yorùbá sínú ìwé Odù ní 1959. Ìwé tí ó kọ kò sọ ọ́ di ẹni tí ń sá fún ìlù ijó, a kò sì gbọ́dọ̀ fi ìlù rẹ̀ pamọ́ nítorí adé. Kí ló wá dé tí a fi ń fi jáàsì Ṣówándé pamọ́ nítorí oyè?

Ó kọ Folk Symphony fún òmìnira ní 1960, ó ṣe ìwádìí ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì kọ́ni ní Howard, Pittsburgh àti Kent State. Ravenna, ní Ohio, ni ó kú sí ní 1987. "Akínlà" ni rédíò Kánádà fi ń ṣí ètò Gilmour's Albums, ètò tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1956. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ikú ẹni tí ó kọ orin náà, ní 1997, ni ètò ọ̀hún tó dópin.