Lẹ́tà Ibùdókọ̀ Wa

Lẹ́tà ara pátákó ibùdókọ̀ bọ́ọ̀sì wa ní Rush Green ní ìtàn. Ní 1913, Frank Pick, ọ̀gá kan ní iléeṣẹ́ rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù, ní kí Edward Johnston ya lẹ́tà tí ojú á tètè kà. Ó jáde ní 1916: kò nírù, kò lọ́ṣọ̀ọ́, O rẹ̀ rí roboto bí òṣùpá. Wọ́n ti tún un ṣe, ṣùgbọ́n òun náà ni. Èmi nọ́ọ̀sì mọ iyì rẹ̀: orúkọ oògùn tí a ṣì kà léwu.

Tiwa náà ní ìtàn. Ní 1875, ìpàdé àwọn CMS ní Èkó fẹnu kò lórí àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ. Bí a bá yọ ọ́, ọkọ di oko. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa máa fàmì sórúkọ wọn. Ire o.