Ìwé Àṣẹ Onífisiotẹ́rápì: Láti Lọ́ńdọ̀nù dé Igbóbì

Ní àwọn ìlú Yorùbá àtijọ́, ẹni tí eegun rẹ̀ ṣẹ́ tàbí tí oríkèé rẹ̀ yẹ̀ kì í béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ ìdílé ni eegun títò, tọmọdé tàgbà ló sì mọ agbolé tí wọ́n ti ń ṣe é bọ̀ láti ìran dé ìran. Àwọn tí ń to eegun a máa fi òróró wọ́ ojú ibẹ̀, wọn a fi ọparun pẹlẹbẹ àti aṣọ dì í; ní ibòmíràn wọn a ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìẹ kan, wọn a sì dì í bí wọ́n ti di ti aláìsàn, kí ọjọ́ tí adìẹ náà bá tẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ lè jẹ́ àmì fún wọn pé ó tó àkókò láti tú ìdì ti ènìyàn. Bí ọwọ́ ẹnì kan nínú wọn kò bá dára, àdúgbò yóò gbọ́, baálé rẹ̀ ni yóò sì dáhùn fún un. Ìlú ńlá kò ní irú onídùúró bẹ́ẹ̀, nítorí pé àjèjì ni oníṣẹ́ àti aláìsàn jẹ́ sí ara wọn níbẹ̀. Ìdí nìyí tí ìwé àṣẹ, ìyẹn ìwé tí ẹgbẹ́ tàbí ìjọba fi ń jẹ́rìí pé ẹnì kan kọ́ṣẹ́ tó sì yege, fi di ohun tí a kò lè ṣàìní.

Lọ́ńdọ̀nù ni ọ̀rọ̀ náà ti kọ́kọ́ le. Ní ọdún 1894, ìwé ìròyìn àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, British Medical Journal, kọ̀wé pé iṣẹ́ aṣẹ́wó ni ọ̀pọ̀ ilé tó ń polówó ara wíwọ́ nílùú náà ń ṣe lábẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí sì ba àwọn nọ́ọ̀sì tó ń fi òótọ́ inú ṣe iṣẹ́ ọ̀hún lórúkọ jẹ́. Mẹ́rin nínú wọn, Lucy Robinson, Rosalind Paget, Elizabeth Manley àti Margaret Palmer, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ lọ́dún náà, wọ́n gbé ìdánwò kalẹ̀, wọ́n sì ṣòfin pé ọmọ ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ wọ́ ara ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé dókítà ní kí ó ṣe é, kò gbọdọ̀ wọ́ ara ọkùnrin àyàfi bí dókítà bá bẹ̀ ẹ́ ní pàtàkì, kò gbọdọ̀ polówó àyàfi nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn, kò sì gbọdọ̀ ta oògùn fún aláìsàn. Òfin náà le púpọ̀, ṣùgbọ́n òun ló dá iyì wọn padà, títí Ọba George Karùn-ún fi fún ẹgbẹ́ náà ní ìwé àṣẹ ọba ní ọdún 1920. Ó dunni pé iyì ọ̀hún sọ wọ́n di ẹni tí ń gba àṣẹ lẹ́nu dókítà, nítorí pé ọdún 1977 ni ìjọba ibẹ̀ tó gbà pé àwọn fúnra wọn lè pinnu irú ìtọ́jú tó yẹ aláìsàn.

Ìwé àṣẹ Gẹ̀ẹ́sì yìí ló bá iṣẹ́ náà wọ Èkó. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ibùdó ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ wà ní Igbóbì, ó sì di ilé ìwòsàn eegun ní 1945. Ọdún yẹn ni àwọn onífisiotẹ́rápì méjì dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Fisiotẹ́rápì, tó ti inú iṣẹ́ ara wíwọ́ yìí jáde, ni ìtọ́jú tí a ti ń lo ọwọ́, ìdárayá, ooru àti iná mànàmáná láti dá agbára padà sí iṣan àti oríkèé. Wọ́n kọ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà ní iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ di ọ̀gá nídìí iṣẹ́ náà ní láti sọdá òkun. Àwọn tó padà wálé dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ ní 1959, Yunifásítì Ìbàdàn sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ oyè nínú rẹ̀ ní 1966, èyí tó mú kí aláìsàn tí ẹ̀gbà kọlù, tàbí ọmọ tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ bá jà, lè rí ẹni tó kọ́ṣẹ́ náà nílé.

Síbẹ̀ ẹgbẹ́ lásán kò lè dá ayédèrú dúró, nítorí pé kò ní agbára òfin lórí ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Òfin 38 ti ọdún 1988 ló dá ìgbìmọ̀ ìjọba sílẹ̀ tó ń kọ orúkọ àwọn onífisiotẹ́rápì àti àwọn oníṣẹ́ tó fara pẹ́ ẹ sínú ìwé, tó sì ń fún wọn ní ìwé àṣẹ ọdọọdún. Láti ìgbà náà, aláìsàn ní Èkó ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìwé àṣẹ ọdún tó wà lóde lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kàn án, ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń tijú láti béèrè.

Ìwé orúkọ náà kò kan àwọn tí ń to eegun, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ará Èkó ṣì ń kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ wọn, tí àwọn mìíràn sì ń dé ilé ìwòsàn nígbà tí ìdì tó fún jù ti mú kí ẹsẹ̀ wọn kú. Ẹni tó ń to eegun nínú agbolé bàbá rẹ̀ ṣì ní ẹbí tí a lè bi léèrè, ṣùgbọ́n ẹni tó ti ìlú mìíràn wá gba yàrá kan sẹ́bàá ọ̀nà ní Èkó, tó sì kọ́ pátákó síta, kò ní baálé tí yóò dáhùn fún un, ìgbìmọ̀ àwọn onífisiotẹ́rápì kò sì lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.