Eyín Igi Nakaoka Tei
Bí ohùn mi bá yàtọ̀, eyín àtọwọ́dá tuntun ni. Láti ìgbà tí mo ti ṣe é ní Kánò níbí, mi ò lè ṣe àmín sókè mọ́ ní mọ́ṣáláṣí, kó má baà já bọ́.

Ọmọ mi ló rí ìtàn kan lórí fóònù. Nakaoka Tei, obìnrin àlùfáà Búdà ní Japan, tó kú ní 1538: ègé igi kan ṣoṣo ni wọ́n fi gbẹ́ eyín òkè rẹ̀. Igi o! Kò sí wáyà, kò sí gọ́ọ̀mù. Bó ṣe bá àjà ẹnu rẹ̀ mu ló mú un dúró, ó sì ń lò ó. Ẹ̀sìn wa ò papọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu la jọ fi ń gbàdúrà.

Ní Jímọ̀ tó kọjá, mo ṣe àmín sókè. Ó mì díẹ̀, kò já.