Ìdánwò Ajẹ́lẹ̀ ní Íńdíà: Bí Ìwé Ìròyìn Ṣe Di Ìwé Ẹ̀kọ́

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, láti ìgbà tí mo ti jáde ìwé mẹ́wàá ni mo ti ń fi iṣẹ́ ìwé ìròyìn jẹun, nítorí náà mo mọ ibi tí ìwé ìròyìn àná ń gbà lọ. Bí alákàrà kò bá fi di àkàrà, ẹlẹ́pà yóò fi di ẹ̀pà. Ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè kan wà tí ìwé ìròyìn àná ti jẹ́ ohun ìpamọ́. Ọ̀dọ́ yóò fi sísọ́ọ̀sì gé e, yóò fi bírò fa ìlà sí i nídìí, yóò sì máa tún un kà fún ọdún kan gbáko, nítorí ó gbà pé inú rẹ̀ ni iṣẹ́ ayé òun wà. Íńdíà ni mo ń wí. Ìdánwò iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ilẹ̀ náà ló sọ ìwé ìròyìn dà bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ní ìtàn nínú.

Kí ni wọ́n ń wá níbẹ̀ gan-an? Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ìtàn ayé Òyìnbó lẹ́nu àwọn bàbá yín, ẹ mọ ẹni tí wọ́n ń pè ní ajẹ́lẹ̀, ọ̀gá tí ìjọba rán sí ẹkùn kan, tí owó orí, ètò ilẹ̀ àti ààbò ìlú wà níkàáwọ́ rẹ̀. Ní Íńdíà, ajẹ́lẹ̀ kò tíì tán o! Irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ ṣì wà ní ẹkùn kọ̀ọ̀kan títí di òní, àyàfi pé ọmọ onílẹ̀ ló ń ṣe é báyìí. Ìdánwò tí mo ń sọ yìí ló ń gbé ènìyàn dé orí àga náà. Òun kan náà ló ń mú àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá jáde, àti àwọn tó ń ṣojú ìjọba nílẹ̀ òkèèrè.

Ní 2023, ènìyàn 1,016,850 ló fi orúkọ sílẹ̀. Àwọn 592,141 ló jókòó ṣe ìpele kìíní. Nínú wọn, 14,624 ló yege dé ìpele kejì, wọ́n pe 2,855 fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, 1,016 péré ni wọ́n sì mú níkẹyìn. Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín. Nínú ẹgbẹ̀rún ènìyàn tó fi orúkọ sílẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló wọlé. Ó ga o!

Ní ìpele kìíní, ìwé àkọ́kọ́ ní ìbéèrè 100 fún wákàtí méjì. Ẹ má rò pé ènìyàn lè máa fi ojú dá ìdáhùn mú o, nítorí ẹni tó bá ṣi ìbéèrè kan, wọ́n á yọ ìdá kan nínú mẹ́ta máàkì ìbéèrè náà kúrò nínú èyí tó ti gbà. Ìpele kejì jẹ́ kíkọ, ìwé mẹ́sàn-án ni, lẹ́yìn rẹ̀ ni ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n sì kọ sínú ètò ẹ̀kọ́ ìwé àkọ́kọ́ yẹn ni ìṣẹ̀lẹ̀ tó ń lọ lọ́wọ́, nílé àti lókèèrè.

Kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń bi wá nílé ìwé nígbà kan o, pé kí ni orúkọ gómìnà, ta ni mínísítà fún ètò ẹ̀kọ́. Ẹ jẹ́ kí n fún yín ní àpẹẹrẹ kan. Ní oṣù kẹsàn-án 2023, ìpàdé G20 wáyé ní New Delhi, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti gba Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà wọlé. Èmi àti ẹ̀yin ka ìròyìn náà, a ní "Ó dáa bẹ́ẹ̀," a sì ṣí ojú ewé bọ́ọ̀lù. Ọmọ Íńdíà tó ń múra ìdánwò kò lè ṣí i bọ̀rọ̀. Yóò bi ara rẹ̀ pé, ìgbà wo ni wọ́n dá G20 sílẹ̀, kí ló sì fà á? Àwọn wo ló wà níbẹ̀, àwọn wo ni kò sí? Kí ni Íńdíà ń rà lọ́wọ́ Áfíríkà, kí ló sì ń tà fún wọn? Ìròyìn kan ṣoṣo ti di ìtàn, ó ti di ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ayé, ó sì ti di ọ̀rọ̀ ajé. Bí yóò ti ṣe é lónìí nìyẹn, bí yóò sì ti ṣe é lọ́la.

Ibo ni nǹkan yìí ti ṣẹ̀ wá? Kí ó tó di 1855, ẹni tó bá fẹ́ ṣe ajẹ́lẹ̀ ní Íńdíà ní láti mọ ènìyàn. Ẹgbẹ́ oníṣòwò tí wọ́n ń pè ní East India Company ló ń ṣàkóso ibẹ̀, àwọn olùdarí rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ló sì ń yan ẹni tó wù wọ́n sí iṣẹ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n lónìí, ọmọ ọ̀rẹ́ lọ́la. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1853 fi òpin sí i. Ní 1855 wọ́n ṣe ìdánwò àkọ́kọ́, wọ́n ní ẹni tó bá mọ̀wé ni kó wọlé.

Lẹ́nu lásán, ọmọ Íńdíà náà lè ṣe é. Ṣùgbọ́n Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti ń ṣe ìdánwò ọ̀hún! Ọmọ Calcutta yóò wọ ọkọ̀ ojú omi fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ka líla òkun kọjá sí èèwọ̀. Bó bá sì débẹ̀, máàkì tí wọ́n gbé fún èdè Gíríìkì tàbí Látìn jẹ́ ìlọ́po méjì èyí tí wọ́n gbé fún Sanskrit tàbí Lárúbáwá. Ó di 1863 kí ọmọ onílẹ̀ kan tó yege. Satyendranath Tagore lorúkọ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n Rabindranath Tagore tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1913.

Ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wù mí jù nínú ìtàn yìí ni Surendranath Banerjea. Ó yege ní 1869, àwọn Òyìnbó ní ọjọ́ orí tó kọ sílẹ̀ kò dọ́gba. Ó ṣàlàyé pé inú oyún ni àwọn ènìyàn òun ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ orí. Ó pe ẹjọ́, ó sì jàre, ṣùgbọ́n ní 1874 wọ́n wá ẹ̀sùn mìíràn sí i lẹ́sẹ̀, wọ́n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Bó ti ń dùn ún lọ́wọ́ ni ìjọba tún gé gbèdéke ọjọ́ orí ìdánwò náà kúrú. Ọdún 23 ló jẹ́ ní 1855, nígbà tó fi di 1878 ó ti di 19. Ọmọ ọdún 19 wo ni yóò ti kàwé tó ní Calcutta, tí yóò tún la òkun lọ bá àwọn ọmọ Lọ́ńdọ̀nù du ipò? Banerjea rìn yí Íńdíà ká, ó ń sọ̀rọ̀ láti ìlú dé ìlú. Ní 1879 ó gba ìwé ìròyìn kan tó ń jẹ́ The Bengalee, ó sọ ọ́ di ohun ìjà. Ní 1883 ó lo oṣù méjì lẹ́wọ̀n nítorí ohun tó kọ nípa adájọ́ kan.

Ní 1878 yẹn kan náà, nǹkan mìíràn ṣẹlẹ̀ ní Madras, ìlú tí wọ́n ń pè ní Chennai lónìí. Wọ́n fi ọmọ onílẹ̀ kan, T. Muthuswamy Iyer, jẹ adájọ́ ní ilé ẹjọ́ gíga. Àwọn ìwé ìròyìn tó wà lọ́wọ́ Òyìnbó fárígá, wọ́n ní kò yẹ bẹ́ẹ̀. Inú bí ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́fà, olùkọ́ méjì àti akẹ́kọ̀ọ́ òfin mẹ́rin. Wọ́n yá owó díẹ̀, wọ́n tẹ 80 ẹ̀dà ìwé ìròyìn tiwọn, wọ́n sì sọ ọ́ ní The Hindu.

Ǹjẹ́ ẹ mọ ìwé ìròyìn tí orúkọ rẹ̀ kì í wọ́n lẹ́nu àwọn tó ń múra ìdánwò lónìí? The Hindu yìí náà ni. Nítorí pé àwọn kan ní ipò gíga kò yẹ ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀, òun wá ni ọmọ onílẹ̀ ń jí kà láàárọ̀ kùtù kí ọwọ́ rẹ̀ lè tó ipò gíga.

Ìjà náà pẹ́. Nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú Congress ṣe ìpàdé rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1885, ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n bèèrè ni pé kí wọ́n máa ṣe ìdánwò náà ní Íńdíà pẹ̀lú. Ní 1893 ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀nù dìbò pé kí ó rí bẹ́ẹ̀, ìjọba kọtí ikún sí i. Ó di 1922 kí wọ́n tó ṣe é lórí ilẹ̀ Íńdíà, ní Allahabad. Ọdún 67 gbáko! Ní 1926 wọ́n dá àjọ tí yóò máa gba ènìyàn síṣẹ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn òmìnira, òfin orílẹ̀-èdè ti 1950 fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀, kí olóṣèlú kankan má baà tún fi iṣẹ́ ọba ta ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́rẹ.

Wàhálà ọ̀nà jíjìn tán, ó wá ku ti èdè. Láti 1979, ènìyàn lè fi èdè abínibí rẹ̀ kọ ìdáhùn ní ìpele kejì, bóyá Tamil ni o, bóyá Bengali ni. Èdè 22 ni òfin dárúkọ báyìí. Mo kí wọn fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n Híńdì àti Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n fi ń tẹ ìbéèrè ìpele kìíní. Ìwé ìròyìn tí gbogbo wọn ń sá tẹ̀lé, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi Yorùbá kàwé, ẹ mọ ohun tí mo ń wí. Ìṣòro ọmọ abúlé tó fi Híńdì kàwé di méjì. Yóò kọ́kọ́ túmọ̀ ìròyìn, kí ó tó wá kọ́ ọ. Ní 2011, ìjọba mú ìwé kan wọ ìpele kìíní tí àwọn ọmọ wọ̀nyí ní ó ń ṣe ojúsàájú fún àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì yọ̀ mọ́ lẹ́nu. Ní 2014 wọ́n tú sí ìgboro Delhi, wọ́n fẹ̀hónú hàn. Láti 2015, wọn kì í ka máàkì ìwé náà mọ́ àpapọ̀, kí ènìyàn ṣáà ti gba ìdá 33 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ọ̀pọ̀ wọn ń fi ilé sílẹ̀ lọ háyà yàrá ní Delhi, ní àdúgbò Mukherjee Nagar àti Old Rajinder Nagar. Ibẹ̀ ni àwọn olùkọ́ lẹ́sìnnì pọ̀ sí bí ọjà, àwọn tó ń fún ìròyìn oṣù kan sínú ìwé pẹlẹbẹ, tí wọ́n ń tà á. Ẹni tí kò sí lábẹ́ ètò ìrànwọ́ kankan lè gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹfà, kí ó tó pé ọdún 32. Ẹ ro ọmọ ọdún 22 tó bẹ̀rẹ̀, tó jáde ní 31 láìrí nǹkan kan mú bọ̀ wálé.

Ní ọjọ́ 27 oṣù keje 2024, òjò ńlá rọ̀ ní Delhi. Omi ya wọ yàrá ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ lẹ́sìnnì kan tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ ní Old Rajinder Nagar, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta tó ń múra ìdánwò yìí kú síbẹ̀. Àwọn tó ń ka ìròyìn di ìròyìn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ka orúkọ wọn nínú ìwé tí wọ́n máa ń fa ìlà sí nídìí.

Èmi oníwèé ìròyìn kò lè bínú sí ẹni tó ń ka iṣẹ́ wa láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ohun tó dára ni kí ajẹ́lẹ̀ ọ̀la mọ ohun tó ń ṣe ayé lónìí. Ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn tí Banerjea àti àwọn mẹ́fà Madras fi ja ìlẹ̀kùn ìdánwò yìí ṣí, òun náà ló wá di owó ibodè lónìí, ẹni tí kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tàbí tí kò lówó yàrá ní Delhi sì ń san ju ẹnikẹ́ni lọ. Láti Lọ́ńdọ̀nù dé Allahabad gba ọdún 67. Láti Delhi dé abúlé ló kù báyìí.