Ta Ló Yẹ Kó Sọ Ibi Tí Láíbìrì Wà?

Ẹni tó wọ̀lú tó ń béèrè Táíwò gbọ́dọ̀ mọ agboolé Táíwò tó ń wá, nítorí Táíwò pọ̀. Ọ̀rọ̀ láíbìrì inú kọ̀ǹpútà náà rí bẹ́ẹ̀. Láíbìrì ni àkójọ kóòdù tí ètò púpọ̀ jọ ń lò. Dípò kí ètò kọ̀ọ̀kan ru tirẹ̀, gbogbo wọn á máa lo ẹyọ kan tó wà nínú fódà bíi /usr/lib. Ìbéèrè tó ń dá ìjà sílẹ̀ ni pé: ta ló yẹ kó sọ fódà tí ètò máa wò?

SunOS 4.0, tó jáde ní 1988, wà lára àwọn tó jẹ́ kí àjọlò yìí gbilẹ̀ lórí Unix. Ọ̀nà mẹ́ta la wá ń rí lónìí. LD_LIBRARY_PATH wà lọ́wọ́ ẹni tó ń lo ètò. /etc/ld.so.conf, tí ldconfig ń kà lórí Linux, wà lọ́wọ́ alábòójútó ẹ̀rọ. Rpath ni ti ẹni tó kọ́ ètò: ó kọ àdírẹ́sì fódà sára ètò náà gan-an bí ilà ojú.

Wàhálà rpath hàn gbangba nígbà tí Debian ń ti libc5 bọ́ sí libc6, kí Debian 2.0 tó jáde ní oṣù Keje 1998. Wọ́n kó láíbìrì àtijọ́ lọ sí fódà mìíràn, wọ́n sì fi tuntun sípò wọn. Ètò tí kò ní rpath rí tirẹ̀, torí ld.so mọ èyí tó bá libc5 mu. Èyí tó ní rpath lọ tààrà sí àdírẹ́sì àtijọ́, ó bá àlejò nínú ilé, ó sì dákú. Ìdí nìyí tí Debian fi ń rọ àwọn tó ń di ètò fún pínpín pé kí wọ́n yọ rpath tí kò pọn dandan, pàápàá èyí tí libtool ń fi sí i.

Ṣùgbọ́n ẹ wo Nix, tí Eelco Dolstra fi ṣe iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní Yunifásítì Utrecht ní 2006. Rpath gan-an ló gbára lé! Ohun kọ̀ọ̀kan ní fódà tirẹ̀ lábẹ́ /nix/store, ohun tó wà nínú fódà náà kì í sì í yí padà. Kò sí ẹni tó máa gba ilé onílé.

Lójú tiwa, rpath kọ́ ni ọ̀tá. Ìlérí ni: ẹni tó bá kọ àdírẹ́sì sára ètò ń ṣèlérí pé onílé kò ní kó kúrò. Debian kò lè ṣe ìlérí yẹn, Nix lè ṣe é.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa tó ń kọ́ ètò, kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ fi readelf -d yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹ bá rí fódà /home yín ní iwájú RPATH tàbí RUNPATH, ẹ yọ ọ́. Ilé yín kò sí lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn. Bó bá sì jẹ́ /tmp lẹ rí, ewu ńlá ni, torí ẹnikẹ́ni ló lè fi láíbìrì burúkú síbẹ̀.